Ilé àtijọ́ tó di ilé àlejò

Ní Sípéènì, tí àwọn Faransé ń pè ní Espagne, ilé ńlá kan wà ní ìlú Santiago de Compostela. Ọba Ferdinand àti Ayaba Isabella ló ní kí wọ́n kọ́ ọ ní 1499, kí àwọn tó wá jọ́sìn láti ọ̀nà jíjìn lè rí ibi sùn, kí wọ́n sì gba ìtọ́jú. Ní 1954, wọ́n sọ ọ́ di òtẹ́ẹ̀lì. Parador ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀, ìjọba ló sì ni wọ́n. Èyí àkọ́kọ́ ṣí ní Gredos ní 1928. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ ilé àtijọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ààfin tàbí ilé olódi rí.

Ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, Auberge de Grand-Popo náà wà nínú ilé ayé amúnisìn, létí òkun.

Àwa ará Pira ńkọ́? Ilé alámọ̀ tí a pa tì, òjò àti ikán ni yóò jẹ ẹ́ tán. Ká tó wó ti bàbá wa, ẹ jẹ́ kí ẹbí jókòó ná: ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀? Báwo la ó ṣe pín owó ẹ̀? Bí ẹnu ò bá kò, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀, torí ìjà ni yóò dà. Bó bá kò, ẹ lọ béèrè ní mérì Bantè irú ìwé tí ẹ nílò. Yàrá kan tó mọ́, omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ti tó fi bẹ̀rẹ̀.