Kí ọdẹ tó sanwó àlòkù ìbọn: Àwọn ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹni tí wọ́n dojú ìbọn kọ ni òwe yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn tún wà tí ìbọn ń gbà ṣeni léṣe, ìyẹn náà ni pé kí ó bẹ́ mọ́ ẹni tó ń yìn ín lọ́wọ́. Ọdẹ tó bá ra àlòkù ìbọn láìyẹ̀ ẹ́ wò ti fi ojú rẹ̀ àti ìka rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un.

Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti Ọ̀dẹ̀dá dé Ìmàlà, láti Ọ̀pẹ̀jì dé Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìbọn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń pa ọ̀yà àti etu kì í ṣe tuntun. Irin máa ń pẹ́ láyé ju ènìyàn lọ, nítorí náà ìbọn kan lè ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Olúkúlùkù wọn ló sì ń ṣe tirẹ̀ sí i lára. Ẹnì kan á pààrọ̀ igi ìdí rẹ̀, ẹlòmíràn á pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀, ẹnì kẹta á gé ẹnu rẹ̀ kúrú, ẹnì kẹrin á sì jó irin mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n bá wá ń tà á, gbogbo àtúnṣe wọ̀nyí ni wọ́n máa ń kà mọ́ owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òdodo ọ̀rọ̀ ni pé ohun tí wọ́n fi kún ìbọn kì í ṣe èrè fún ẹni tó fẹ́ rà á, àfi bí ó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ó bá ìbọn náà mu.

Kì í ṣe òní ni títún ìbọn àlòkù ṣe ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1866, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ìbọn Enfield àtijọ́, tí wọ́n ń ki láti ẹnu, wọ́n gé ìdí ọ̀pá wọn, wọ́n sì fi irin onílẹ̀kùn tí ará Amẹ́ríkà kan, Jacob Snider, ṣe sí i, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki ọta sí i láti ìgbà náà lọ. Irú ìbọn Snider yìí dé ilẹ̀ Yorùbá lásìkò Ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877, nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó ń fi ohun ìjà ránṣẹ́ sílé. Àtúnṣe ni ìbọn náà, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, torí pé ilé iṣẹ́ tó ń fi ìwọ̀n kan náà ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣe é. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn. Àtúnṣe tó ní ìwọ̀n yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ojú díwọ̀n.

ÌWÉ ṢÁÁJÚ IRIN

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ọdẹ béèrè ni ìwé. Òfin ohun ìjà ilẹ̀ Nàìjíríà, tó ti wà láti ọdún 1959, pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ìsọ̀rí kìíní ni àwọn ìbọn tí òfin kà léèwọ̀, tí ó jẹ́ pé Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fàyè gbà wọ́n. Ìbọn ológun wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìbọn ìléwọ́ gbogbo. Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń ki katiríìjì sí, àti ìbọn afẹ́fẹ́, tí Ọ̀gá àgbà Ọlọ́pàá ń fún ènìyàn níwèé àṣẹ rẹ̀. Ìsọ̀rí kẹta ni èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà, tí òun náà kò ṣeé ní láìgba ìwé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé ìbọn pump-action, tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà síwá-sẹ́yìn kí ọta mìíràn lè wọlé, kò sí nínú ìsọ̀rí kejì yìí. Èèwọ̀ ni òun náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, irú rẹ̀ 661 ni àwọn aṣọ́bodè gbà lọ́wọ́ àwọn tó kó o wọ Èkó láti ilẹ̀ Turkey. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ wá fún títà lówó pọ́ọ́kú, ẹ̀wọ̀n ló gbé wá. Lábẹ́ òfin ìdigunjalè àti ohun ìjà tó jáde lọ́dún 1984, ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní àṣẹ lè san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí kó gba méjèèjì pọ̀.

Kí ẹni tó fẹ́ rà á wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìbọn, kó sì fi wé èyí tó wà nínú ìwé. Bí wọ́n bá ti fi áyọ́nù fá nọ́ńbà náà dànù, kó fi ìbọn náà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá sì sọ pé, “Bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi,” kí ọdẹ rántí pé a lè jogún irin, ṣùgbọ́n a kì í jogún ìwé àṣẹ. Orúkọ ẹni tó kú ni ó wà nínú rẹ̀.

KÍ ÌBỌN ṢÓFO NÁ

Kí ẹnikẹ́ni tó wo inú ìbọn, kó kọ́kọ́ rí i pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ní agbedeméjì, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ, kí wọ́n wo ihò rẹ̀. Ti ṣakabùlà yàtọ̀, nítorí pé ó lè ti wà ní kíkì láti ọdún tó kọjá láìsí ẹni tó rántí. Kí wọ́n ti ọ̀pá ìkìbọn bọ inú rẹ̀ títí yóò fi kan ìdí, kí wọ́n sàmì sí ibi tó dé ní ẹnu, kí wọ́n fà á yọ, kí wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ìbọn ní ìta. Bí kò bá gùn dé ibi tí ihò iná wà, ẹ̀tù àti ọta ṣì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀PÁ NI ỌKÀN ÌBỌN

Kí wọ́n nu inú ọ̀pá pẹ̀lú àkísà, torí pé òróró púpọ̀ máa ń bo àṣírí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run, kí wọ́n wò ó já láti ìdí dé ẹnu. Ó yẹ kó máa dán bíi jígí, kí àwọn òrùka ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ sì rí róbótó. Ibi tí òrùka dúdú bá ti là á já, ọ̀pá náà ti wú níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yìn ín rí nígbà tí ẹrẹ̀ tàbí àkísà dí i. Kí wọ́n fi ìka rìn ín láti ìta, wọn yóò mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀pá tó bá wú kò yẹ fún yínyìn mọ́. Ìpata tó kàn bo ojú irin ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti jẹ irin wọlé ti sọ ọ̀pá di tín-ín-rín, pàápàá ní ìdí, níbi tí agbára iná ti pọ̀ jù.

Bí ìbọn bá jẹ́ ẹlẹ́nu méjì, kí wọ́n tú ọ̀pá rẹ̀ kúrò lára igi, kí wọ́n fi okùn so ó rọ̀, kí wọ́n sì fi èékánná tàbí igi kékeré lù ú. Bó bá dún gooro bí agogo, àwọn irin tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ṣì dè. Bó bá dún bí igi, wọ́n ti ń tú síra wọn.

Ìbọn tó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Belgium yóò ní àmì ìdánwò lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ilé ìdánwò London gba àṣẹ ọba lọ́dún 1637, ti Birmingham sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1813. Níbẹ̀, wọ́n ń fi ẹ̀tù tó ju ìwọ̀n lọ yin ìbọn kí wọ́n tó tẹ àmì sí i. Ọ̀pá tí kò ní àmì kankan kò tíì jẹ́rìí ara rẹ̀ níbì kan.

BÍ WỌ́N BÁ TI PÀÀRỌ̀ Ọ̀PÁ

Kí nọ́ńbà ara ọ̀pá àti ti ara irin ìdí bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, ọ̀pá náà kì í ṣe ti ìbọn yẹn tẹ́lẹ̀. Èyí nìkan kò ní kó burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n dán ìdè rẹ̀ wò. Kí wọ́n yọ igi abẹ́ ọ̀pá, kí wọ́n pa ìbọn dé, kí wọ́n sì mì ín. Bó bá ń mì tàbí ó ń dún, ibi ìṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ. Kí wọ́n gbé e sí iwájú ìmọ́lẹ̀, bí wọ́n bá rí iná láàárín ìdí ọ̀pá àti irin tó dè é, iná ẹ̀tù náà yóò máa gba ibẹ̀ jáde, ojú ẹni tó ń yìn ín ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwọ̀n ihò tún ṣe pàtàkì. Ìbọn ìwọ̀n 12 ní ihò tó fẹ̀ tó mílímítà 18.5, ti ìwọ̀n 20 kò ju bíi mílímítà 15.6 lọ. Nọ́ńbà tó kéré ló ní ihò ńlá, torí pé iye ọta òjé róbótó tó bá wọn pọ́n-ùn kan ni nọ́ńbà náà ń kà. Katiríìjì ìwọ̀n 20 yóò wọ inú ìbọn ìwọ̀n 12, yóò yọ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí, yóò sì há síwájú. Bí ọdẹ bá rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, tó tún ki ìwọ̀n 12 lé e lẹ́yìn, ìbọn náà yóò bẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe katiríìjì ìwọ̀n 20 fi ń fi àwọ̀ ìyeyè ṣe é. Gígùn ihò náà wà níbẹ̀: àwọn ìbọn àtijọ́ kan gba katiríìjì mílímítà 65, ọ̀pọ̀ tòde òní gba 70 tàbí 76. Èyí tó gùn lè wọ inú èyí tó kúrú láìjanpata, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ráyè ṣí dáadáa, agbára iná á sì ga ju bó ti yẹ lọ.

OHUN TÍ WỌ́N SO MỌ́ ẸNU ÌBỌN

Ẹnu ọ̀pọ̀ ìbọn ọdẹ máa ń fún díẹ̀ kí ọta má baà tú ká kíákíá. Èyí tó fún jù nínú ìwọ̀n 12 fi bíi mílímítà kan dín sí inú ọ̀pá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gé ọ̀pá kúrú, ìfún yẹn ti bá a lọ, ìbọn náà kò sì ní lè pa ẹran ní òkèèrè mọ́. Kí wọ́n wo bí ẹnu rẹ̀ ṣe nípọn tó yíká, èyí tí wọ́n fi ayùn gé lọ́nà wíwọ́ kì í fara sin.

Àwọn kan tún ń so irin oníhò mọ́ ẹnu ìbọn, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ḿpẹńsétọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí iná ẹ̀tù máa gba ihò òkè jáde, kí ó lè ti ẹnu ìbọn sísàlẹ̀, kó má baà fò sókè. Inú ìdíje ni ohun yìí ti gbajúmọ̀. IPSC, ẹgbẹ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Columbia, ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976, ní ìsọ̀rí ìdíje kan, Open, níbi tí wọ́n ti fàyè gbà á lára ìbọn ìléwọ́. Ní Nàìjíríà, irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà lára èèwọ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, láti ọdún 1997 ni òfin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gbogbo ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Ọmọ Ẹ̀gbá tó wà ní Amẹ́ríkà, tí òfin ibẹ̀ gbà láyè, ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ lè kàn. Kí òun náà béèrè ọ̀pá àkọ́kọ́ tó bá ìbọn wá, kó béèrè iye ìgbà tí wọ́n ti yìn ín, kó sì wo ihò kọ́ḿpẹńsétọ̀ bóyá ọta ti ń ha á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ti ń ha á, kò tọ́.

Fún ọdẹ tó ń lọ sígbó lóru, àǹfààní rẹ̀ kò tó nǹkan. Ariwo rẹ̀ á pọ̀ sí i létí, iná rẹ̀ á sì máa bù yẹ̀rì lójú. Kò yẹ kó san kọ́bọ̀ kan lé owó ìbọn nítorí rẹ̀.

APÁTÍ ÀTI ṢAKABÙLÀ

Kí wọ́n ki katiríìjì òfo sínú rẹ̀, kí wọ́n fà á. Apátí kò gbọdọ̀ rọ̀ débi pé ìbọn yóò dún bí wọ́n bá fi ìdí rẹ̀ gbọ́n ilẹ̀ díẹ̀. Bí òòlù rẹ̀ bá wà ní ààbọ̀ ọ̀nà, kò gbọdọ̀ jábọ́ bí wọ́n bá fà á.

Ní ti ṣakabùlà, páìpù omi tàbí irin ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí wọ́n wá ojú ìjó tó gùn lọ lára rẹ̀, torí pé ojú yẹn ni yóò là. Kí wọ́n wo ìdí rẹ̀ tí wọ́n dí, àti ihò iná bóyá ó ti fẹ̀ jù. Ẹ̀tù dúdú nìkan ló wà fún un. Ẹ̀tù inú katiríìjì òde òní, tí kì í rú èéfín, lágbára ju ohun tí ọ̀pá náà lè gbà lọ, ẹni tó bá tú u sínú ṣakabùlà ti pèsè ìjàǹbá sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

IYE TÓ YẸ KÓ SAN

Kí ọdẹ ṣírò owó lórí ọ̀pá, ìdè àti apátí. Lẹ́yìn ìyẹn ló kù kó yọ owó ohun tí yóò ná láti dá a padà sí ipò rẹ̀. Igi tó ń dán, bàbà tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ àti irin tí wọ́n jó mọ́ ọn kì í ṣe ohun tí ń gbe ẹ̀mí ènìyàn. Kó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ní ìwé àṣẹ, nítorí pé òfin kò gba ẹlòmíràn láyè láti rọ ìbọn tàbí láti tún un ṣe. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí wọ́n gba àṣẹ ìyípadà orúkọ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ìbọn tó kúrò nílé ẹni tó tà á.

Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí wọ́n tú ọ̀pá, tó kọ̀ kí wọ́n wo inú rẹ̀, tó sì ń kánjú gbowó, ó ti dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ẹran tó bọ́ lónìí, a ó tún rí òmíràn lọ́la. Ojú tí ìbọn bá fọ́ kò ní ààrọ̀.