Ta Ló Wà Nínú Aṣọ Yẹn? Ìtàn Aṣọ Àwọn Òṣìṣẹ́ Disneyland

  Bí ẹ bá ń gbọ́ wa nínú dánfó, ẹ ki earpiece bọtí dáadáa. Bí ẹ bá sì ń ka èyí lórí fóònù yín, ohun tí mo sọ lórí ètò náà gan-an la tẹ̀ síbí, a kàn tún un ṣe díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ẹnì kan fún mi níṣẹ́ ọjọ́ kan: kí n wọ aṣọ ehoro ńlá níbi ayẹyẹ àwọn ọmọdé. Orí ehoro yẹn tóbi ju ìkòkò ọbẹ̀ òde ìgbéyàwó lọ. Ihò kékeré méjì ni mo fi ń rína. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé nígbà tí mo ki orí bọ̀ ọ́, inú rẹ̀ tutù. Òógùn ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn kò tíì gbẹ. Àwọn ọmọ ń fò mọ́ mi, wọ́n ń pariwo "Ehoro! Ehoro!", èmi sì ń rò ó nínú lọ́hùn-ún pé, òógùn ta nìyí?

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ibi tí a ń lọ lónìí: Disneyland, ní ìlú Anaheim, ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọgbà ìgbafẹ́ ni. Ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 1955 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì fi ayẹyẹ náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ọsàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Walt Disney tó dá a sílẹ̀ kì í ṣe oníṣòwò ọgbà ìgbafẹ́. Oní-fíìmù ni. Èyí ṣe pàtàkì, torí bí oní-fíìmù ṣe ń ronú ló ṣe kọ́ ọgbà náà. Ó pín in sí ọ̀nà márùn-ún. Apá kan jẹ́ ìlú kékeré ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1900. Apá kan jẹ́ ilẹ̀ àwọn cowboy. Òmíràn jẹ́ ti igbó kìjikìji àti ìrìn àjò. Òmíràn ti àlọ́ àti ààfin. Ìkẹyìn ni ti ayé ọjọ́ iwájú. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé bí ẹ bá ti yà ní kọ̀rọ̀ kan báyìí, ẹ ti bọ́ sínú fíìmù mìíràn nìyẹn. Ilé yí padà, orin yí padà, òórùn oúnjẹ yí padà.

Ó wá ku èèyàn. Ẹ fojú inú wò ó: ilé dà bíi ti 1900, ẹṣin ń fa ọkọ̀ kọjá, ẹni tó fẹ́ ta súwíìtì fún yín wá wọ T-shirt àti jíǹsì. Ó parí! Gbogbo owó tí wọ́n ná sórí ilé yẹn ti wọgbó. Ìdí nìyí tí aṣọ òṣìṣẹ́ kò fi jẹ́ nǹkan tí wọ́n wá fi kún un lẹ́yìn. Ara ilé náà ni, bí ògiri àti ọ̀dà ṣe jẹ́ ara ilé.

Kì í ṣe Walt ló kọ́kọ́ ronú kan èyí o. Ní ọdún 1891, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Artur Hazelius ṣí ibi kan tí wọ́n ń pè ní Skansen ní Stockholm, ní Sweden. Ó kó ilé àtijọ́ láti oríṣiríṣi abúlé wá síbẹ̀, ó sì fi àwọn èèyàn tó wọ aṣọ ìbílẹ̀ sínú wọn, kí àwọn ará ìlú ńlá lè rí bí àwọn baba ńlá wọn ṣe gbé ayé. Ṣùgbọ́n ti Hazelius, ohun tó ṣẹlẹ̀ rí ló ń fi hàn. Ti Walt, ó fẹ́ kí ẹ gba ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí gbọ́.

Ó sì wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá a mu. Nígbà tí wọ́n ń múra àtiṣí ọgbà náà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Van France ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun níṣẹ́. Nínú èdè tí wọ́n fi ń kọ́ wọn, kò sí "òṣìṣẹ́": òṣèré ni gbogbo yín, àtẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì àtẹni tó ń gbálẹ̀. Kò sí "oníbàárà": àlejò ni wọ́n. Ibi tí àlejò lè dé ni orí ìtàgé, ibi tí kò lè dé ni ẹ̀yìn ìtàgé. Kò sì sí "yunifọ́ọ̀mù" níbẹ̀. Aṣọ eré ni. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, mo sì gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ dídùn kò wọ́n tó owó oṣù. Wọ́n pè wọ́n ní òṣèré, wọn kò sanwó òṣèré fún wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ wá ńkọ́? Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ilé iwin wọn, Haunted Mansion, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1969. Níbi tó pọ̀ jù nínú ọgbà náà, ẹ̀rín ni òfin: kí eyín ṣáà hàn. Ṣùgbọ́n ní ilé iwin, àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé bíi ti ọmọ ọ̀dọ̀ ilé olówó láyé àtijọ́, wọ́n sì lè fajú ro. Wọ́n lè wo àlejò bí ẹni pé àlejò náà kò ní jáde láàyè! Aṣọ ló fún wọn láyè yẹn. Bí wọ́n bá wọ irú aṣọ awakọ̀ ojú omi tó wà nínú igbó, ìyẹn aṣọ kákí, àwàdà ni àlejò máa retí lẹ́nu wọn. Àwọn tó sì ń gbálẹ̀ ní òpópónà àkọ́kọ́, funfun gbòò ni wọ́n ń wọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń gbálẹ̀ tó wọ funfun ti sọ fún yín láìlanu pé ibí yìí mọ́.

Báàjì tún wà láyà gbogbo wọn, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ló máa ń wà lórí rẹ̀. Walt fúnra rẹ̀, "Walt" ni wọ́n ń pè é. Ẹ dán ìyẹn wò lọ́fíìsì yín n'Íkẹjà lọ́la, kí ẹ pe ọ̀gá ní "Túndé" lásán, ẹ wá sọ bó ṣe rí fún mi.

Ìṣòro kan wà tí aṣọ nìkan kò lè yanjú. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ rìn dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé lọ́jọ́ kan, Walt rí cowboy kan tó ń gba àárín ayé ọjọ́ iwájú kọjá, ó ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Inú Walt kò dùn sí i rárá. Nígbà tí wọ́n wá ń kọ́ Magic Kingdom ní Florida, wọ́n ṣe ọ̀nà abẹ́ ilé sí i. Walt kú ní ọdún 1966, kò rí i. Ọdún 1971 ni wọ́n ṣí ibẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀nà náà kò sí lábẹ́ ilẹ̀ ní tòótọ́. Omi sún mọ́ òkè ilẹ̀ jù ní Florida, ẹ kò lè gbẹ́ ihò jìn. Nítorí náà wọ́n kọ́ ọ̀nà náà sórí ilẹ̀, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde láti fi ṣe adágún omi tó wà níwájú ọgbà náà dà yí i ká, wọ́n sì kọ́ ọgbà sórí rẹ̀. Àlejò tó rò pé ilẹ̀ lòun ń tẹ̀, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà. Nísàlẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń gba aṣọ wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ibi ìjẹun òṣìṣẹ́ àti páìpù tó ń fa pàǹtí lọ wà. Cowboy á gba ìsàlẹ̀ kọjá, á sì yọ lókè láàárín ìlú cowboy.

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n kọ́ odindi ìsàlẹ̀ ilé kan kí aṣọ kan má baà dé ibi tí kò yẹ kó dé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí aṣọ bò látòkè délẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí Disneyland, Disney kò tíì ní aṣọ Mickey tirẹ̀. Wọ́n yá a lọ́wọ́ Ice Capades, ẹgbẹ́ tó ń ṣeré lórí yìnyín. Ẹ wá fídíò ọjọ́ náà wò, ojú Mickey yẹn ń bani lẹ́rù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe tiwọn tó dára. Òfin aṣọ yìí kò ṣòro fún Yorùbá láti lóye: ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú, a kì í dárúkọ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣí orí lójú ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú rẹ̀ lára. Ní Florida, kì í ṣe aṣọ òkè nìkan ni ilé iṣẹ́ ń fún àwọn tó ń ṣe Mickey àti àwọn yòókù, ó ń fún wọn ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọ̀tẹ́lẹ̀ tiwọn má baà kó jọ tàbí kó hàn lábẹ́ aṣọ eré. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á dá a padà fún fífọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn lè wọ̀ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ fẹjọ́ sùn pé àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbà kò mọ́, ó ń rùn, àwọn kan sì ní àwọn ti kó kúrúnà àti kòkòrò inú irun níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, Teamsters, gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ilé iṣẹ́. Ọdún 2001 ni wọ́n tó fẹnu kò pé kí oníkálùkù ní tirẹ̀, kó máa gbé e lọ sílé fọ̀. Ọdún 2001 o! Tí ilé iṣẹ́ yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ̀nà abẹ́ ilé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí mo kà á, inú orí ehoro yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn.

Èyí tó wúwo jù lọ ló kù. Ní ọdún 1955 kan náà, ilé oúnjẹ kan ṣí ní apá àwọn cowboy ní Disneyland. Aunt Jemima's Pancake House lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Quaker Oats ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Aunt Jemima jẹ́ àwòrán tó wà lórí páálí ìyẹ̀fun páńkéèkì láti ìparí ọ̀rúndún 19: obìnrin aláwọ̀ dúdú tó sán aṣọ ìdáná, tó wé orí, tó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé kò sóhun tó dùn mọ́ ọn tó kó máa se oúnjẹ fún ìdílé òyìnbó ní ilẹ̀ tí wọ́n ti kó irú rẹ̀ lẹ́rú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Aylene Lewis ló ń ṣe é ní Disneyland fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó tó kú ní ọdún 1964. Ó máa ń kí àlejò, ó máa ń bá wọn ya fọ́tò.

Ní ti iṣẹ́ ọnà, aṣọ rẹ̀ kò ní àbùkù: ó bá ilé mu, ó bá oúnjẹ mu, ó bá àkókò tí wọ́n ń ṣe àfihàn rẹ̀ mu. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Aṣọ eré lè bá ilé mu délẹ̀délẹ̀ kó sì máa parọ́ fún ìtàn. Ẹrú kò sí nínú ìtàn tí ilé oúnjẹ yẹn ń sọ; gèlè àti ẹ̀rín nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó sì tún fi hàn àwọn tó ń wo ọgbà náà irú ipò tó wà fún obìnrin dúdú nínú rẹ̀. Ilé oúnjẹ náà kógbá sílé ní ọdún 1970. Orúkọ Aunt Jemima fúnra rẹ̀, ọdún 2021 ló tó kúrò lórí páálí.

Ọ̀rọ̀ ta ló bá ìtàn mu yìí kò parí síbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin kò gbọdọ̀ dá irun orí ètè sí lẹ́nu iṣẹ́ Disney, nígbà tó jẹ́ pé Walt fúnra rẹ̀ ní irun orí ètè! Ọdún 2000 ni wọ́n gbà á láyè, irùngbọ̀n di 2012. Nígbà tí wọ́n ṣí ọgbà wọn nítòsí Paris ní ọdún 1992, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé fárí gá lórí irú òfin báyìí. Ní ọdún 2010, Mùsùlùmí obìnrin kan tó ń kí oníbàárà káàbọ̀ ní ilé oúnjẹ inú òtẹ́ẹ̀lì Disneyland ní òun fẹ́ máa fi híjáàbù bo orí. Wọ́n ní kò bá aṣọ eré mu: kó lọ ṣiṣẹ́ níbi tí àlejò kò ti ní rí i, tàbí kó dé fìlà lé e. Ó kọ̀, ó sì pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ọdún 2012. Ilé iṣẹ́ ní àwọn ti fún un ní ọ̀nà tó pọ̀ láti yàn. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e yẹ̀ wò: "ẹ̀yìn ìtàgé" tó jẹ́ àwàdà kékeré ní 1955 ti wá di ibi tí wọ́n lè ní kí èèyàn lọ jókòó sí.

Ní ọdún 2021, wọ́n tú òfin náà sílẹ̀ díẹ̀. Òṣìṣẹ́ lè jẹ́ kí fínfín ara rẹ̀ hàn, wọn kò sì fi dandan pín aṣọ sí ti ọkùnrin àti ti obìnrin mọ́.

Ẹ rántí pé mo ní a ó padà sórí ọ̀rọ̀ "òṣèré" yẹn. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, àwọn tó ń wọ aṣọ Mickey àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń jó nínú ìwọ́de Disneyland, bíi 1,700 èèyàn, dìbò bóyá kí wọ́n dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àwọn 953 ní bẹ́ẹ̀ ni, 258 ní rárá. Ẹgbẹ́ tí wọ́n yàn ni Actors' Equity, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà.

Ó ku sọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ti wọ irú orí ehoro yẹn rí, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, a ó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.