Ẹ̀rọ Awọnṣúgà

Irinṣẹ́ tí àwọn tó ní àrùn àtọ̀gbẹ fi ń mọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe pọ̀ tó. Leland Clark àti Champ Lyons ló kọ́kọ́ ṣàlàyé irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962: wọ́n fi ẹ́ńsáìmù glucose oxidase sí iwájú irinṣẹ́ tí ń wọn ọ́síjìn. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ́ńsáìmù náà ṣe ń lo ọ́síjìn tó. Lọ́dún 1999, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú èyí tí a ń fi sábẹ́ awọ. Omi abẹ́ awọ ni ìyẹn ń wọ̀n, èsì rẹ̀ sì máa ń rẹ̀yìn díẹ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀. Àwọn ti òde òní máa ń dún bí ṣúgà bá ń já wálẹ̀ lóru, kí aláìsàn lè tètè wá nǹkan jẹ kó tó dákú.