Ọ̀sẹ̀ méjì ní 1969, ọ̀sẹ̀ méjì ní 1983



Láti Nyékonakpoè níbí, ní Lomé, ẹsẹ̀ la fi ń rìn dé ẹnubodè Gánà ní Aflao. Ọ̀nà yẹn ti rí ohun méjì tí kò yẹ kí ọmọ Yorùbá gbàgbé.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìniṣà, Ṣakí àti Ìlọrin ti ń tajà níbẹ̀ tipẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ẹlòmíràn sí. Wọ́n ta ọjà wọn lọ́pọ̀, wọ́n fi owó tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì gba Tógò kọjá lọ sílé.

Ọdún mẹ́tàlá lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1983, nígbà tí owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 1982. Tógò náà wá ti tirẹ̀. Èrò há sí Bẹ̀nẹ̀ títí Gánà fi ṣí ọ̀nà ní ìparí oṣù. Àpò ńlá tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ṣì ń pè ní Ghana Must Go.

Ìyà nìkan kì í kọ́ni lọ́gbọ́n. Bó bá ń kọ́ni, ìlú tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ ní 1969 ì bá rántí ní 1983.

Ẹ ó ní ìjọba ló ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló ní kí onígbèsè má san owó àlejò tó ń lọ. Ìjọba kọ́ ló ní kí aládùúgbò fi owó táṣẹ́rẹ́ ra ẹrù rẹ̀. Ibi tí àṣẹ ìjọba parí sí ni ìwà oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí a bá ń ṣá igi nígbó, ká máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò.

Ní Lomé, àwa náà ni àlejò. Ní Èkó, àwa ni onílé. Bí ọjà bá tún wọ́n, tí ẹnìkan ní àlejò ló fà á, kí la máa sọ?

Ẹ̀yin tí òbí yín padà dé ní 1969, ẹ bá wa sọ ọ́: ta ló san gbèsè, ta ló bá wọn tọ́jú ẹrù?