Ìwọ̀fà Orí Pápá: Jimmy Guthrie, Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Agbábọ́ọ̀lù, àti Ọ̀rọ̀ Àpápá òun Ajégúnlẹ̀

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìgbésí ayé Jimmy Guthrie wò, ọmọ Skọ́tlándì tí ó ti ipò balógun ikọ̀ Portsmouth bọ́ sí ipò alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba. A fi ìtàn rẹ̀ wé ti bọ́ọ̀lù ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. Èrò wa ni pé ní Èkó, agbábọ́ọ̀lù ti jẹ́ òṣìṣẹ́ kí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ tó di iṣẹ́. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù wá di iṣẹ́ ni ààbò òṣìṣẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìfáárà

Láti Boundary ní Ajégúnlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà èbúté Àpápá kò jìnnà. Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ pé ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Oríṣi ajé méjì ni ó sì ń gba agbègbè náà kọjá. Èkíní ni ẹrù tí ọkọ̀ òkun ń já sí Àpápá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté náà ní 1926. Èkejì ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ti pápá Maracana lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òkè òkun. Samson Siasia jẹ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀. Odion Ighalo, tí ó dé Watford àti Manchester United, jẹ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀.

Ẹni tí ó ń já ẹrù ní ẹgbẹ́ tí ń bá agbanisíṣẹ́ jókòó dúnàá-dúrà lórúkọ rẹ̀: Maritime Workers Union of Nigeria, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àpápá níbẹ̀. Ta ni ó ń jókòó fún ẹni tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù?

Balógun Portsmouth

Ọdún 1912 ni wọ́n bí Guthrie ní Luncarty, abúlé kan nítòsí Perth. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Dundee kí ó tó lọ sí Portsmouth ní 1937. Ìlú èbúté ni Portsmouth náà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun ọba ń gúnlẹ̀ sí. Òun ni balógun nígbà tí ikọ̀ náà na Wolverhampton Wanderers ní góòlù 4 sí 1 ní àṣekágbá FA Cup ọdún 1939, bẹ́ẹ̀ Wolves ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò borí. Ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, ìdíje dáwọ́ dúró, ife náà sì wà lọ́wọ́ Portsmouth títí di 1946. Ọdún tí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù le jù ni ogun gbà lọ́wọ́ Guthrie àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ogun parí ni ó di alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí Billy Meredith àti Charlie Roberts dá sílẹ̀ ní Manchester ní 1907. Ó wà lórí àga náà di 1957.

Ìwọ̀fà tí kò jẹ gbèsè

Okùn méjì ni wọ́n fi so agbábọ́ọ̀lù nígbà náà. Àkọ́kọ́ ni òté lórí owó: láti 1901, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ san ju iye kan lọ́sẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí pọ́n-ùn 4, bó ti wù kí ẹsẹ̀ ẹni náà mú tó. Èkejì ló burú jù. Bí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù bá parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè di orúkọ rẹ̀ mú nínú ìwé láìsan owó oṣù fún un, ẹgbẹ́ mìíràn kò sì ní lè gbà á.

Yorùbá mọ ìwọ̀fà. Ẹni tí ó jẹ gbèsè a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sìn olówó. Ọjọ́ tí wọ́n bá san gbèsè náà, ìwọ̀fà ti gba ara rẹ̀. Ti agbábọ́ọ̀lù Ìlú Ọba ju èyí lọ, nítorí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kò sì sí ohun tí ó lè san kí wọ́n tú u sílẹ̀. Guthrie gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, TUC, ní 1955. Ó sọ fún wọn pé agbábọ́ọ̀lù nìkan ni òṣìṣẹ́ tí ó ṣì wà lóko ẹrú ní Ìlú Ọba. Àwọn awakùsà àti òṣìṣẹ́ èbúté wà lára àwọn tí ẹgbẹ́ wọn wà nínú TUC. Àárín wọn ni Guthrie mú agbábọ́ọ̀lù lọ jókòó sí.

Ní ìgbà tirẹ̀, ìgbìmọ̀ onílàjà ìjọba gbé òté owó náà dé pọ́n-ùn 12 ní 1947. Kò dúró lórí àga rí ìyókù. Jimmy Hill tí ó rọ́pò rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí òté náà wó pátápátá ní 1961. Ní 1963, Adájọ́ Wilberforce dá ẹjọ́ agbábọ́ọ̀lù George Eastham, ó ní dídi agbábọ́ọ̀lù mú lọ́nà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdènà iṣẹ́ òòjọ́. Guthrie kọ ìtàn tirẹ̀ sínú *Soccer Rebel* ní 1976, ó sì kú ní 1981.

Marine, Railway àti ọkọ̀ MV Apapa

Ní Èkó, ọ̀nà mìíràn ni bọ́ọ̀lù gbà. Orúkọ ibi iṣẹ́ ni àwọn ikọ̀ ńlá ń jẹ́: Marine, Railway, UAC. Marine ni ó kọ́kọ́ gba Governor's Cup ní 1945. Nígbà tí NPA, àjọ èbúté Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1955, òun náà ní ikọ̀ tirẹ̀ nígbà tó yá. Agbábọ́ọ̀lù ní tábìlì tàbí irinṣẹ́ tí ó ń padà sí lọ́jọ́ Ajé, owó oṣù rẹ̀ kò sì dúró lórí góòlù.

Ní oṣù kẹjọ 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ MV Apapa lọ sí Ìlú Ọba, Etim Henshaw ti Marine ni balógun wọn. Láìwọ bàtà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi na Marine Crosby ní góòlù 5 sí 2. Teslim Balogun, tí wọ́n ń pè ní Thunder, wà nínú wọn. Ní 1955 ó padà lọ sí Peterborough United, lẹ́yìn náà sí Queens Park Rangers. Nígbà náà, Guthrie ṣì ni alága, òté owó ṣì wà. Balogun kúrò nílùú tí agbábọ́ọ̀lù ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ibòmíràn, ó dé ìlú tí bọ́ọ̀lù ti jẹ́ iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ní òmìnira.

Lẹ́yìn 1990

Ọdún 1990 ni líìgì Nàìjíríà di ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Bọ́ọ̀lù di iṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n tábìlì ọjọ́ Ajé pòórá. Ohun tí ó kù ni ìwé àdéhùn, bí wọ́n bá tilẹ̀ fún ènìyàn ní ẹ̀dà rẹ̀. Ìwádìí FIFPRO, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù lágbàáyé, ti 2016, tí ó kan agbábọ́ọ̀lù bí 14,000 ní orílẹ̀-èdè 54, fi hàn pé ìdá 41 nínú 100 ni owó wọn ti pẹ́ kí ó tó dé láàárín sáà méjì. Gbèsè owó oṣù kì í ṣe ìtàn tuntun ní líìgì wa. *Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà níbòòji.*

Àwọn agbábọ́ọ̀lù àná ti gba ipò Guthrie ní Áfíríkà. Anthony Baffoe dá ti Gánà sílẹ̀. Geremi Njitap, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Real Madrid àti Chelsea, ṣe olórí ti Kamẹrúùnù. Ní Nàìjíríà, Tijani Babangida, tí ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní 1996, di ààrẹ PFAN, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ta ni olórí gidi ti gba ọ̀pọ̀ agbára lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nílẹ̀ wa.

Nítorí náà, nígbà tí Super Eagles kọ̀ láti lọ gbára dì ní Brazil ní 2014, tí Super Falcons sì fẹ̀hónú hàn ní Àbújá ní 2016 nítorí àjẹmọ́nú, àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ni wọ́n dúró fún ara wọn. Kámẹ́rà ni ó gbà wọ́n. Ẹni tí owó oṣù mẹ́fà rẹ̀ há sí líìgì abẹ́lé kò ní kámẹ́rà.

Ìkádìí

Agbára Guthrie kò ti inú òkìkí wá. Ó pe agbábọ́ọ̀lù ní òṣìṣẹ́, ó sì mú un lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Ohun tí ó kù kí PFAN ṣe kò jìnnà rárá: kí ó ti Maracana gba Boundary kọjá lọ sí Àpápá, kí ó lọ wo bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté ṣe ń gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, tí ó sì ń kọ àdéhùn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn 18 tí wọ́n wọ MV Apapa ní iṣẹ́ tí ń dúró dè wọ́n nílé. Ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀ lónìí ń padà wálé bá òfo.