Àṣìṣe díìsìkì tó ṣeé tún gbìyànjú

Dráífà díìsìkì ni apá ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bíi Linux àti Windows, tó ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀. Tí díìsìkì bá ní iṣẹ́ kan kò ṣeé ṣe, dráífà ló máa mọ̀ bóyá kí òun tún béèrè, tàbí kí òun gba kámú.

Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà l'Óṣòdì tàbí Ìsọlọ̀ ń pàdé irú àkọ́kọ́, èyí tó ṣeé tún béèrè, lójoojúmọ́. Iná lọ, iná dé, wọ́n tan kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì padà. Díìsìkì aláwo ṣì ń sáré kí ó lè dé ìwọ̀n eré tó yẹ. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan nígbà yẹn, "mi ò tíì ṣetán" ló máa sọ. Nínú SCSI, ìlànà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀, díìsìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná máa ń dáhùn pé UNIT ATTENTION, ìyẹn ni pé nǹkan ti yí padà lọ́dọ̀ òun. Kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Kí dráífà tún béèrè ni. BUSY náà, sùúrù díẹ̀ ló ń fẹ́. MEDIUM ERROR ló yàtọ̀: ojú awo gan-an ló ti ní egbò. NVMe, ìlànà mìíràn tó jáde ní 2011, tiẹ̀ ní bíìtì kan tó ń jẹ́ DNR: tí ó bá jẹ́ 1, díìsìkì fúnra rẹ̀ ló ń sọ pé èsì kan náà ni, bí a tilẹ̀ tún béèrè.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Linux máa ń fún àṣẹ kan sí díìsìkì SCSI ní 30 ìṣẹ́jú àáyá, ó sì lè tún un rán ní ìgbà 5. Ṣùgbọ́n díìsìkì náà ń dá gbìyànjú nínú ara rẹ̀; ti kọ̀ǹpútà ilé lè bá ojú kan ṣoṣo jà ju 30 yẹn lọ, láìfọhùn. Linux á rò pé ó ti kú. Bó bá wà nínú RAID, ìyẹn ọ̀pọ̀ díìsìkì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan, wọ́n lè tìtorí ègé bíńtín yọ odindi díìsìkì dànù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣètò díìsìkì RAID pé kó jáwọ́ lẹ́yìn nǹkan bí 7 ìṣẹ́jú àáyá.

Àgbìyànjújù sì lè pa díìsìkì tó ń ṣàìsàn. Lórí tábìlì aṣàtúnṣe, etí ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Kí wọ́n yáa fi ddrescue, ètò tó ń kó dátà kúrò lórí díìsìkì tó ń ṣàìsàn, kó ibi tó dára ná, kí ibi tó le di ìgbẹ̀yìn. Àmọ́ wáyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò: nọ́ńbà 199 nínú SMART, àkọsílẹ̀ ìlera tí díìsìkì ń ṣe fúnra rẹ̀, ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ dàrú lójú ọ̀nà. Tí wọ́n bá pààrọ̀ wáyà tó bàjẹ́, iye náà kò ní dín kù, ṣùgbọ́n kò ní pọ̀ sí i mọ́.

Láti Windows 8 ni Windows ti ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ 153 sílẹ̀ tó bá tún àṣẹ rán sí díìsìkì. Fáìlì á ṣí, ẹni tó ń lò ó kò ní fura. Àkọsílẹ̀ yẹn nìkan ló máa fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan kò tó.