Máàpù, Páálí àti Owó Ìtẹ̀wé: Ìwádìí Lórí Bí Ogun Ìtàn Ṣe Ń Di Eré Orí Tábìlì

Ọmọ ayò 48, ojú ọpọ́n 12: gbogbo ohun tí ọ̀ta fi ń borí òpè ló wà lójúkorojú níwájú àwọn méjèèjì. Kò sí oríire nínú rẹ̀, ọpọ́n náà kò sì dárúkọ ìlú tàbí ọba kankan. Eré tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun tó ti jà rí ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á tẹ máàpù ibi tí ogun náà ti wáyé sórí bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á gé páálí kéékèèké tó dúró fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan (ọmọ eré ni màá máa pè wọ́n, bí a ti ń pe ọmọ ayò), wọ́n á kọ ìwé òfin, wọ́n á sì fi dáìsì bíi ti lúdò kún un. Ẹni méjì á jókòó. Bí ó bá jẹ́ ogun Napoleon, ọ̀kan á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èkejì á gba ti àwọn ọ̀tá rẹ̀. Ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn náà á ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí yóò parí sí dọwọ́ wọn.

Àwọn onímọ̀ tó ti kọ̀wé lórí eré ogun, bíi Peter Perla lọ́dún 1990 àti Philip Sabin lọ́dún 2012, ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bí eré ṣe lè bá òtítọ́ ogun mu. Ìbéèrè pàtàkì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ló yẹ kí a kọ́kọ́ lọ. Ìwọ̀n páálí tí ẹ̀rọ lè gé, owó tó wà lápò ilé-iṣẹ́, àti iye ènìyàn tó ṣèlérí pé àwọn á rà á, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń yan ogun tí a óò rántí lórí tábìlì, àwọn náà ló sì ń yan ẹni tí a óò fún ní àga nídìí rẹ̀.

Láti Braunschweig dé Baltimore

Lọ́dún 1780, Johann Hellwig, olùkọ́ ìṣirò ní ìlú Braunschweig nílẹ̀ Jámánì, mú eré ṣẹ́ẹ̀sì, ó sọ pátákó rẹ̀ di ojú 1,617, ó sì fi àwọ̀ ya òkè sọ́tọ̀ sí odò. Ní 1824, Georg von Reisswitz, ọ̀gá kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Prussia, tún eré tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe. Ó lo máàpù gidi tí wọ́n fi ìwọ̀n 1 sí 8,000 yà, ó fi dáìsì sí i, ó sì fi adájọ́ kan sáàárín: ohun tí adájọ́ bá sọ fún ọ pé ojú rẹ tó ni o mọ̀, bó ti rí lójú ogun gan-an. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ológun ni èyí. Ní 1913 ni òǹkọ̀wé H. G. Wells gbé ìwé jáde lórí bí a ṣe lè fi ère ọmọ ogun kéékèèké ta irú eré bẹ́ẹ̀ nílé.

Ẹni tó kó o sínú àpótí tó sì tà á ni Charles S. Roberts, ará ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Ní 1952 ó ń retí àtiwọ ipò ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun, ó ń wá ohun tí yóò máa fi ìlànà ogun kọ́ ara rẹ̀, ó bá ṣe eré kan tó pè ní Tactics. Nígbà tó di 1954 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Bíi 2,000 ló tà. Ní 1958 ó dá Avalon Hill sílẹ̀ ní Baltimore, ó sì gbé Gettysburg jáde, èyí tó dá lórí ìjà ọjọ́ mẹ́ta tó wáyé ní Pennsylvania ní 1863.

Ohun méjì tó fi sílẹ̀ ṣì wà nínú iṣẹ́ yìí títí dòní. Ọ̀kan ni àtẹ àbábọ̀ ìjà. Ká ní ọmọ eré mi tó ń kọlu tìrẹ ní agbára 12, tìrẹ ní 4: mẹ́ta sí ọ̀kan nìyẹn. Màá wá ojúlé mẹ́ta sí ọ̀kan lórí àtẹ, màá ju dáìsì, nọ́ńbà tó bá yọ ló máa sọ bóyá ìwọ lo sá sẹ́yìn, bóyá o run, tàbí èmi ni ìjà náà yí lù. Ẹni tó bá wo àtẹ yìí fìrí lè rò pé ìṣirò lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnì kan ló jókòó tó pinnu pé mẹ́ta sí ọ̀kan tó láti ṣẹ́gun, pé méjì sí ọ̀kan kò tó. Ohun tí òpìtàn yóò fi ojú ìwé mẹ́wàá jà fún, aṣẹ̀dá eré ti kọ ọ́ sínú ojúlé mẹ́fà, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì ni ojú onígun mẹ́fà, tí Avalon Hill bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1961. Lórí pátákó onígun mẹ́rin, ẹni tó bá rìn ní ìdábùú ti rìn jìnnà ju ẹni tó rìn tààrà lọ, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni wọ́n kà fún àwọn méjèèjì. Onígun mẹ́fà kò ní irú ìrẹ́jẹ bẹ́ẹ̀: láti àárín ojú kan sí àárín èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́fà tó yí i ká, ọgbọọgba ni. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND, tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, ti ń lò ó ṣáájú, ọ̀dọ̀ wọn ni Roberts sì ti rí i.

Bébà kan, ọmọ eré 200

Ní 1969, James Dunnigan gba ìwé ìròyìn Strategy & Tactics, tí Chris Wagner dá sílẹ̀ ní 1967, ó sì dá ilé-iṣẹ́ SPI sílẹ̀ ní New York. Redmond Simonsen ló ń bójú tó yíya àwòrán. Ètò wọn kò ju pé kí odindi eré kan wà nínú gbogbo ẹ̀dà ìwé ìròyìn. Wọ́n ń fi káàdì ìbéèrè sínú rẹ̀, òǹkàwé á dáhùn pé ogun báyìí ni òun fẹ́ tẹ̀ lé e, SPI á ka ìdáhùn wọn, wọ́n á sì fi í yan èyí tí wọ́n máa ṣe. Ibí yìí ni iṣẹ́ aṣẹ̀dá eré ti di iṣẹ́ tí a lè kọ́ ẹlòmíràn. Aṣẹ̀dá á kọ́kọ́ wá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó jà, ọ̀gá tó kó wọn lọ, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dé ojú ogun, àti ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Á ya máàpù àfọwọ́yà, á kọ òfin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kó o fún ẹlòmíràn, ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti gé ohun tó pọ̀ jù kúrò. Ìdánwò tó le jù ló wá kẹ́yìn: wọ́n á fi àpótí náà ránṣẹ́ sí àwọn tí kò rí aṣẹ̀dá rẹ̀ rí, kí wọ́n ta á láti inú ìwé òfin nìkan. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti dúró tí wọ́n ń wo ara wọn lójú, ibẹ̀ ni ìwé òfin ti kùnà.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó lè wọ inú ìwé ìròyìn náà ni máàpù kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ínṣì 22 sí 34, pẹ̀lú páálí kan tí wọ́n gé sí ọmọ eré 200. Ẹ jẹ́ ká dúró síbi nọ́ńbà yìí díẹ̀. Bí àwọn ológun méjì tó dojú kọ ara wọn bá ní bàtálíọ̀nù 300, wọn kò lè wọ inú 200, pàápàá nígbà tí díẹ̀ nínú páálí náà gbọ́dọ̀ dúró fún odi tàbí oúnjẹ. Nítorí náà wọ́n á kó bàtálíọ̀nù pọ̀ di ẹgbẹ́ ńlá. Ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún bàtálíọ̀nù ti pòórá nínú ìtàn nìyẹn. Ọ̀gágun àgbà nìkan ló kù, òun sì ni atayò á máa ronú bíi tirẹ̀. Òpìtàn a máa wo ìbéèrè rẹ̀ kó tó pinnu bóun á ṣe sún mọ́ ogun tó. Níbi iṣẹ́ yìí, ọ̀bẹ atẹ̀wé ti pinnu fún aṣẹ̀dá kó tó ṣí ìwé ìtàn kankan.

Wọ́n sì ti gbìyànjú láti ja àjàbọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ náà. Ní 1979, SPI gbé iṣẹ́ Richard Berg lórí ogun aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà jáde, The Campaign for North Africa. Wọ́n máa ń sọ pé yóò gba bíi wákàtí 1,500 kí a tó ta á tán. Ó ń ṣírò epo àti omi débi pé àwọn ọmọ ogun Ítálì gba omi tó lé díẹ̀, tí wọ́n á fi se oúnjẹ pasta wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òfin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò bá wọn lọ: nínú aṣálẹ̀, omi ni ogun náà fúnra rẹ̀, Berg sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó di gbogbo ẹrù akọ̀wé ológun lé ẹni tó ń ta eré lórí.

Gbèsè ló pa SPI. Ní 1982, ilé-iṣẹ́ TSR gba ohun ìní rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì bọ́ sọ́dọ̀ Avalon Hill.

Káàdì, òṣèlú àti ìlérí 500

Mark Herman, ọ̀kan nínú àwọn tó ti SPI wá, ló yí ojú iṣẹ́ náà padà ní 1993 pẹ̀lú We the People, lórí ogun òmìnira Amẹ́ríkà. Káàdì ló fi ń darí eré: káàdì kan lè jẹ́ kí ọ̀gágun gbéra, òmíràn lè jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ òṣèlú. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé fi páálí yà, bí ìṣọ̀tẹ̀ tàbí ìwé àdéhùn, ráyè wọlé. Ted Raicer lò ó fún Ogun Àgbáyé Kìíní nínú Paths of Glory ní 1999, Ananda Gupta àti Jason Matthews sì lò ó fún ìfigagbága Amẹ́ríkà àti Soviet nínú Twilight Struggle ní 2005. Ní 2012, Volko Ruhnke, tó jẹ́ aṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ ààbò fún CIA, gbé Andean Abyss jáde lórí Kòlóńbíà: ẹni mẹ́rin ló ń ta á, àfojúsùn wọn kò sì dọ́gba. Láti inú ọ̀nà yìí ni Brian Train ti ṣe Colonial Twilight ní 2017, lórí ogun òmìnira Algeria láti 1954 sí 1962. Nínú èyí, ẹgbẹ́ òmìnira Algeria ní àga tirẹ̀ nídìí tábìlì, ó ń ronú, ó sì lè borí.

Paths of Glory, Twilight Struggle àti iṣẹ́ Ruhnke àti ti Train tí mo dárúkọ yìí, GMT Games ló tẹ̀ wọ́n, ilé-iṣẹ́ tí Gene Billingsley jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ ní California ní 1990. Ètò tó gbé e ró ni wọ́n ń pè ní P500. Wọ́n á kéde eré tí wọn kò tíì tẹ̀. Oníbàárà á fọwọ́ sí i pé òun á rà á ní owó tó dín. Bí ìlérí bá tó 500, iṣẹ́ á kọjá sọ́dọ̀ atẹ̀wé, ìgbà tó bá sì kù díẹ̀ kó jáde ni wọ́n á tó gba owó. Ètò tó mọ́gbọ́n dání ni, kì í jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ jẹ gbèsè bíi ti SPI. Ṣùgbọ́n ìlérí ni ìbò nínú ètò yìí, àwọn ògbólógbòó oníbàárà ló sì ń dì í. Ìdí nìyẹn tí ogun Hitler, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà àti ogun Napoleon fi ń padà wá lọ́dọọdún.

Lọ́dún 2019, eré kan wà lórí àkójọ P500 tí wọ́n pè ní Scramble for Africa. Agbára ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn tó ń ta á, wọ́n ń pín Áfíríkà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kò ní àga níbẹ̀. Àtakò dìde, GMT sì yọ ọ́ kúrò kó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Wọ́n ṣe dáadáa. Síbẹ̀, yíyọ ọ́ kò fi ẹnikẹ́ni sí àga tó ṣófo náà.

Ohun tó wà nílẹ̀ fún wa

Ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, Sabin jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣe eré ogun tiwọn gẹ́gẹ́ bí ara iṣẹ́ oyè kejì. Kíláàsì kò nílò ìlérí 500.

Ẹ̀rí tí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ lè fi ṣe ogun tiwa náà wà nílẹ̀. Ìwé tí J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith tẹ̀ jáde ní 1964 lórí ogun Yorùbá ní ìròyìn tí ọ̀gá ológun kan, Jones, kọ ní 1861 lórí ọmọ ogun Ẹ̀gbá tó wà ní Ìjàyè. Samuel Johnson, tí ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, wà lára àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ àlàáfíà nígbà ogun Kírìjì. Ẹ wo ogun náà bí aṣẹ̀dá eré: Ìbàdàn ń bá Èkìtìparapọ̀, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìlọrin àti Ifẹ̀ jà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀tù tó ń yìn sì gbọ́dọ̀ ti etíkun wá gba ọ̀nà tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ lè tì. Àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní Èkó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Àdéhùn 1886 dé, síbẹ̀ ibùdó ogun kò tú títí di 1893. Àtẹ mẹ́ta sí ọ̀kan kò lè sọ ìtàn yìí. Ọ̀nà ẹ̀tù ló yẹ kó jẹ́ ọkàn eré náà. Orí ọmọ eré kò sì gbọdọ̀ jẹ́ nọ́ńbà ẹgbẹ́ bíi ti Yúróòpù, nítorí olúkúlùkù ológun wa ló kó ọmọ ogun tirẹ̀ lọ: orúkọ àwọn ọ̀gágun Kírìjì bíi Látòósà, Ògèdèńgbé àti Fábùnmi ló yẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn ní yunifásítì wa, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí kíláàsì kan ṣe eré Kírìjì. Páálí, gọ́ọ̀mù àti àlùmọ́gàjí ló máa ná wọn.